Ààlè Ẹnu Igbó: Ewu àti Òmìnira Nínú Géèmù Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ọdún 2007, mo ti jáde ilé-ìwé girama, mo ń retí èsì JAMB. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní láyé nígbà náà ni kí n gun ọ̀kadà láti Ugbè lọ sí Ìkàrẹ́, kí n lọ ra wákàtí kan ní kafé. Ọgọ́rùn-ún náírà ni wọ́n ń ta wákàtí náà. Wọ́n á fún ẹ ní bébà pélébé kan tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí. Tó o bá ti tẹ nọ́ńbà yẹn sínú kọ̀ǹpútà, aago bẹ̀rẹ̀ sí í ka nìyẹn. Àwọn kan ń wo èsì WAEC wọn, àwọn kan ń kọ ímeèlì sí ẹ̀gbọ́n wọn tó wà lókè òkun. Èmi ń ta RuneScape.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: géèmù ni, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Andrew àti Paul Gower, ló gbé e jáde ní ọdún 2001 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á fún ẹ ní ẹ̀dá kékeré kan tó jẹ́ tìẹ. Á máa gé igi, á máa pẹja, á máa wa irin, á máa rọ idà, á máa bá iwin àti dírágónì jà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ló wà nínú ayé yẹn pẹ̀lú ẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Inú browser ló ti ń ṣiṣẹ́, kò gba kéèyàn fi nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà, apá kan nínú ẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi dé Ìkàrẹ́.

Ní àríwá ayé yẹn, yàrà kékeré kan wà. Ẹ mọ yàrà, irú èyí tí àwọn baba wa máa ń gbẹ́ yí ìlú ká nígbà ogun. Ní ìhín yàrà, ẹranko àti iwin nìkan ló lè pa ẹ́. Ní ọ̀hún rẹ̀ ni Wilderness wà, aginjù gidi. Níbẹ̀, èèyàn ẹlẹ́ran ara bíi tìẹ, tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tiẹ̀ níbòmíràn, lè dojú ìjà kọ ẹ́, kó pa ẹ́, kó sì palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́. Tó o bá kú, nǹkan mẹ́ta tó lówó jù nínú ẹrù ẹ ló máa ṣẹ́kù. Tó bá jẹ́ ìwọ lo kọ́kọ́ kọlu ẹlòmíràn, wọ́n á gbé àmì agbárí lé ẹ lórí, ìyẹn ni pé mẹ́ta yẹn gan-an ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kó o tó fo yàrà náà, géèmù á kọ́kọ́ kìlọ̀ fún ẹ.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kafé yẹn. Ọmọ Ọ̀kà ni, ó ti wọ yunifásítì ní Àkùngbá nígbà náà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé etí yàrà, ó yọjú wo kọ̀ǹpútà mi.

“Àbúrò, ṣé gbogbo ẹrù tó o ní lo kó dání yìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Ṣé o ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀?”

“Mo kà á, sà.”

“Ó dáa. Má wá sunkún sí mi lọ́rùn o.”

Mo fò ó. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹnì kan fi yọ sí mi. Mo sá, ó ń lé mi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí mouse bí ọwọ́ ẹni tí òtútù mú. Mo kú. Ìhámọ́ra tí mo fi odidi oṣù méjì kó jọ, pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún náírà lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún náírà, ó di ti ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n yẹn ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní, “Ó ti yé ẹ báyìí.” Mo fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ kí n tó wọ ọ̀kadà, mo ń wo àwọn òkè olókùúta wa bí ẹni tí ò rí wọn rí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti ròyìn ikú yẹn fún èèyàn mẹ́ta.

Mo ti gbé ìbéèrè kan kiri láti ọjọ́ yẹn. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí mo pàdánù jù lọ nínú géèmù yẹn náà ni ọjọ́ tí mo nímọ̀lára òmìnira jù lọ? Àwọn kan á ní ìwà ọ̀dọ́ ni. Àwọn kan á ní ewu ló ń dùn, bí ata. Mi ò gbà. Ewu wà káàkiri ọ̀nà Ìkàrẹ́, kò sẹ́ni tó ń pè é ní òmìnira.

Ìdáhùn tèmi wà lóko. Ẹ̀yin ọmọ ìgboro lè má ti rí ààlè rí. Tí àgbẹ̀ bá so àkísà pupa, tàbí ìkarahun ìgbín, tàbí igbálẹ̀ mọ́ ara igi, ó ń sọ̀rọ̀ láìlanu ni. Ó ń sọ pé nǹkan yìí ní ẹni tó ni ín, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó fara mọ́ ohun tó bá rí. Ààlè kì í di èèyàn lọ́wọ́ mú. Kò sí ọlọ́pàá lẹ́yìn ẹ̀. O lè kọjá. Ohun tí o ò lè ṣe mọ́ ni kó o sọ pé o ò mọ̀.

Yàrà yẹn, ààlè ni. Ewu tó ní ààlè lẹ́nu ọ̀nà, tí èèyàn fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ kọjá, òun ni mò ń pè ní ewu nínú àròkọ yìí. Èyí tí kò ní ààlè, tó kàn já lu èèyàn láti òkè, jàǹbá ni. Ewu lè bí òmìnira. Jàǹbá kò lè bí i láéláé. Tẹ́ ẹ bá mú ìyàtọ̀ yìí dání, ẹ máa rí i pé ó tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo ìtàn géèmù wọ̀nyí, títí dé orí fóònù tó wà lọ́wọ́ yín.

*

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2007, Jagex, ilé iṣẹ́ tó ni RuneScape, mú ìpànìyàn kúrò nínú Wilderness. Wọ́n ní ìdí. Àwọn oníṣòwò kan ń ta owó inú géèmù fún owó gidi, wọ́n sì ń fi káàdì báǹkì tí wọ́n jí san owó ìforúkọsílẹ̀. Tí ẹni tó ni káàdì bá figbe ta, owó náà á padà sọ́dọ̀ ẹ̀, ilé iṣẹ́ á jẹ gbèsè. Wilderness sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń gbé ọjà fún oníbàárà: oníbàárà á “pa” olùtajà, á kó ẹrù, ó parí. Ní oṣù Kínní ọdún 2008, wọ́n fi òdiwọ̀n sí pàṣípààrọ̀ náà. O ò lè fún ọ̀rẹ́ ẹ ní ẹ̀bùn ńlá mọ́.

Àwa ọmọ Nàìjíríà, irú òfin yìí yé wa ju ẹlòmíràn lọ. Ta ni nínú wa tí kò tíì gbìyànjú láti ra nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n wo orúkọ orílẹ̀-èdè ẹ̀, tí wọ́n sì tilẹ̀kùn? Olè jí, wọ́n wá ti gbogbo àdúgbò mọ́lé. Mi ò sọ pé kí wọ́n fi olè sílẹ̀ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ń ṣọ́ ilé kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ilé ni, kì í ṣe àpótí owó.

Mo padà síbẹ̀ lẹ́yìn àyípadà yẹn. Yàrà ṣì wà, ilẹ̀ dúdú ṣì wà. Àmọ́ àwọn òkú tí kọ̀ǹpútà ń darí ni wọ́n fi rọ́pò èèyàn. Wọ́n lè pa ẹ́, wọ́n tiẹ̀ le. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn ojú wọn, kò sí ẹni tó yàn láti lé ẹ, kò sí ẹni tó yàn láti dá ẹ sí. Àgbàdo inú ìgò, ó di àwòmọ́jú fún adìyẹ. Mi ò pẹ́ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2011, wọ́n dá Wilderness àti pàṣípààrọ̀ ọ̀fẹ́ padà, lẹ́yìn ìdìbò kan tó gba ìbò tó lé ní mílíọ̀nù kan. Ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn olùdìbò tó ní kí ewu padà wá. Ẹ rò ó wò. Èèyàn tó pọ̀ tó báyìí tò, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbà kí wọ́n máa pàdánù.

*

Kẹ́ ẹ má rò pé mò ń yin àwọn apànìyàn, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn sí Ultima Online, tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1997. Ìtàn kan wà tí gbogbo ẹni tó ń kọ software gbọ́dọ̀ mọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣì ń dán géèmù náà wò, ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Richard Garriott tó dá a sílẹ̀ jáde sí gbangba gẹ́gẹ́ bí ọba ayé náà, Lord British. Ẹni tí ikú ò lè pa ni ọba yìí, wọ́n ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú kóòdù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pa kọ̀ǹpútà, wọ́n tún ti tàn án, ọba sì gbàgbé láti dá àìkú rẹ̀ padà. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Rainz nínú géèmù ju iná lù ú. Ọba wó lulẹ̀ níwájú gbogbo ìlú.

Gbogbo èèyàn fẹ́ràn ìtàn yìí, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀. Ó dà bíi pé òmìnira nìyẹn: ayé kan tí mẹ̀kúnnù ti lè pa ọba. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ayé, kì í ṣe ọba ni wọ́n ń pa. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ọmọ tuntun á jáde lẹ́nu bodè ìlú láti lọ wa irin, àwọn kan ti lúgọ dè é. Wọ́n á pa á, wọ́n á bọ́ aṣọ ẹ̀, wọ́n á dúró de ẹlòmíràn. Raph Koster, ẹni tó ṣíwájú àwọn tó ṣètò géèmù náà, gbìyànjú oríṣiríṣi òfin láti jẹ́ kí àwọn ará ìlú fúnra wọn kápá àwọn apànìyàn. Kò tó. Ní ọdún 2000, wọ́n pín ayé sí méjì. Felucca ni èyí tí ewu wà, Trammel ni èyí tí ẹnikẹ́ni ò ti lè kọlu ẹ láìgbàṣẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn olùgbé ló kó lọ sí Trammel.

Títí dòní, àwọn àgbà òṣèré géèmù ṣì ń fi orúkọ Trammel búni, bí ẹni pé ojo ló kún ibẹ̀. Èmi ò bá wọn bú u. Ẹni tó kúrò ní Felucca kò sá fún ewu, jàǹbá ló sá fún. Kò sí yàrà lẹ́nu bodè yẹn. Kò sí ẹni tó bi ọmọ tuntun léèrè pé, “Ṣé o ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀?” Òmìnira àwọn tó lúgọ nìkan ló wà níbẹ̀, òmìnira tó sì jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, agbára ló ń jẹ́.

Àmọ́ Trammel náà ní àbùkù tiẹ̀. Felucca tó yẹ kó di igbó àwọn akíkanjú, ṣe ló dá páropáro. Tí gbogbo ènìyàn bá ti kó lọ, ta ni á kù tí wàá pàdé níbẹ̀? Ìdí nìyẹn tí yàrà fi dára ju ògiri lọ lójú mi. Ògiri ya ayé méjì sọ́tọ̀. Yàrà fi ayé méjì sílẹ̀ nínú ọ̀kan, ó ní kí o yan èyí tó wù ẹ́ lónìí, kó o sì tún yàn lọ́la.

*

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, mi ò lè má dárúkọ ará ilé wa. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà pẹ̀lú wa, gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, èyí tí gbogbo géèmù tí mò ń sọ yìí jẹ́ ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló wà láàárín wọn. Ẹ wá wo àwọn tó bá Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó: Kàkó oníkùmọ̀, Ẹfọ̀ìyẹ̀ tafàtafà, Ìmọ̀dòye ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ akọrin. Ẹnikẹ́ni tó ti ta irú géèmù yìí rí máa mọ àwọn èèyàn yìí lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan fún ìjà òjúkojú, ọ̀kan fún ọ̀nà jíjìn, ọ̀kan fún ọgbọ́n, ọ̀kan fún orin. Bá a ṣe ń kó ẹgbẹ́ jọ lónìí náà nìyẹn.

Àwọn tó máa ń fi Fágúnwà wé géèmù sábà máa ń dúró síbi iwin àti oògùn. Èmi rí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Àkàrà-ògùn wọ igbó náà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ó wù ú. Ọdẹ ni, ó mọ orúkọ igbó náà, orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ ti tó ààlè. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọba ló rán an, òun náà sì gbà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó di arúgbó, ó wá bá òǹkọ̀wé, ó ní kó mú ìwé àti kálàmù, kó máa kọ ohun tí òun ń sọ. Àwọn ènìyàn sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ láti gbọ́ ọ.

Ohun tí ewu ń so nìyẹn: ìtàn. Igbó tí kò lè pa ọdẹ, kò ní ohun tí ọdẹ máa sọ nílé. Mo pa adìyẹ àti màlúù tí mi ò lè kà nínú RuneScape, n kò rántí ọ̀kan. Ikú kan ṣoṣo ni mo ròyìn fún èèyàn mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan.

*

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, lásìkò ọdún Kérésì, mo wà ní Ugbè. Mò ń ta géèmù kan tí mi ò ní dárúkọ, lọ́nà tí wọ́n ń pè ní hardcore: ẹ̀mí kan ṣoṣo ni wọ́n fún ẹ, tó o bá kú, ó parí, ẹ̀dá ẹ di ìtàn. Oṣù mẹ́ta ni mo ti fi tọ́ ẹ̀dá yẹn. Inú ihò kan ni mo wà, mò ń bá iwin kékeré kan tí mo ti pa nígbà ogún jà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Mo gbé fóònù sókè, mo gbé e sójú fèrèsé, mo jáde sí ìta. Nígbà tó fi padà dé, sàréè ni mo bá.

Ikú yìí ò fún mi ní ìtàn kankan. Ẹ wò ó, ìlà márùn-ún péré ló gbà mí láti sọ ọ́. N kò ṣe àṣìṣe, n kò yàn án, kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun mi. Jàǹbá ni.

Ẹni tó ń kọ software jẹun ni mí, nítorí náà mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ńlá tó gbé ayé géèmù ró kò mọ̀ bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ tàbí ìwọ lo mọ̀ọ́mọ̀ yọ wáyà nígbà tó o rí i pé o fẹ́ kú. Tí wọ́n bá jẹ́ kí ẹ̀dá ẹ pòórá lójú ẹsẹ̀, gbogbo ojo ló máa máa yọ wáyà. Ni wọ́n bá ní kí ẹ̀dá náà dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lẹ́yìn tí o ti lọ. Ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ibi tí òfin yẹn ti bọ́gbọ́n mu ni ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ti í lọ. Ẹni tó kọ ọ́ wo ara ẹ̀, ó wo àdúgbò ẹ̀, ó ní ẹni tó bá já, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹlẹ́tàn. Ní Ugbè, ẹni tó bá já, ó já ni.

Ìyàtọ̀ yìí tún wọlé sínú ìṣirò. RuneScape ń ṣiṣẹ́ ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.6 ìṣẹ́jú-àáyá. Ó lọ́ra, àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì ni kafé wa ń lò, ọ̀rọ̀ tó bá gba ibẹ̀ lọ tó sì padà máa ń gba ju ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Ìlọ́ra géèmù yẹn ló jẹ́ kí ọmọ Ìkàrẹ́ àti ọmọ London lè jọ jà. Ikú tí mo kú lọ́dún 2007, ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ ni mo kú sí. Ikú tí ó tọ́ nìyẹn.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, World of Warcraft ṣí ayé hardcore tiẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn òṣèré ti ń fi òfin ẹlẹ́mìí-kan de ara wọn tipẹ́. Nǹkan tí èèyàn bá fúnra ẹ̀ dá sílẹ̀ kó tó di pé ilé iṣẹ́ gbà á, mo máa ń bọ̀wọ̀ fún un. Òfin wọn le: bí o bá kú, ohun yòówù kó fà á, wọn ò ní jí ẹ. Ó wá di oṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn kan fi ìkọlù DDoS lu àwọn kọ̀ǹpútà náà nígbà tí ẹgbẹ́ kan tó gbajúmọ̀ ń jà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń wò wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ́ náà kú. Blizzard, ilé iṣẹ́ tó ni géèmù náà, wá kéde pé àwọn máa jí àwọn tí àwọn gbà pé ìkọlù yẹn ló pa.

Mo gbà pé ohun tó yẹ ni wọ́n ṣe. Àní, ìpinnu yẹn ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn: wọ́n gbà pé ikú kan wà tó jẹ́ ewu, òmíràn wà tó jẹ́ jàǹbá, àti pé ẹni tó yan ìkíní kò yan ìkejì. Ṣùgbọ́n a kíyè sí i pé jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí gbogbo ayé ń wò ló di jàǹbá. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wà níbi tí iná kì í dúró, ìṣòro tiẹ̀ nìyẹn.

Jàǹbá wa kì í sì í ṣe ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan. Ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì ní Nàìjíríà dá sísan owó òkèèrè pẹ̀lú káàdì náírà dúró. Ẹni tó ti fi ọdún márùn-ún kọ́lé sínú géèmù tó ń gba owó oṣooṣù, ó jí lọ́jọ́ kan, kò rí ilẹ̀kùn wọlé mọ́. Kò sí dírágónì kankan tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn.

Kí n má sì fọwọ́ bo tèmi. Níbi iṣẹ́ mi, èmi ni mo kọ apá kan nínú áàpù kan, tó ń lé èèyàn jáde tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ bá já lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ní ààbò ni. Ìyá mi ní Ugbè kọ fọ́ọ̀mù kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin lórí ẹ̀, kó tó pè mí. “Ta ló ṣe nǹkan yìí? Ṣé kò mọ̀ pé a wà ńbí ni?” Mi ò lè dá wọn lóhùn.

*

Ohun kan ṣì kù, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù fún ẹ̀yin tí ẹ kéré sí mi. Géèmù tó pọ̀ jù lórí fóònù lónìí kò ní Wilderness kankan. Ikú ibẹ̀ kì í dunni, o kú, o jí, kò sóhun tó sọnù. Ẹ máa rò pé wọ́n ti mú ewu kúrò. Wọn ò mú un kúrò, àpò yín ni wọ́n gbé e sí. Wọ́n á ta àpótí kan fún ẹ, o ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Tó o bá sanwó, bóyá wàá rí idà wúrà, bóyá wàá rí igi ìdáná. Orílẹ̀-èdè Belgium sọ ní ọdún 2018 pé tẹ́tẹ́ ni irú àpótí bẹ́ẹ̀ jẹ́ lábẹ́ òfin wọn. Nígbà tí Diablo Immortal jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọn ò gbé e dé Belgium àti Netherlands rárá.

Àwa tí ilé tẹ́tẹ́ wà lójú títì wa gbogbo, ó yẹ ká tètè mọ ojú tẹ́tẹ́ tó bá gbé agbádá géèmù wọ̀. Nínú Wilderness, ohun tí mo fi wewu ni ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe nínú géèmù, ọgbọ́n mi sì lè gbà mí là. Nínú àpótí, owó oúnjẹ ni, kò sì sí ọgbọ́n kankan tó lè gbani. Ààlè ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fi bébà dídán wé, tí wọ́n fi orin sí, kí èèyàn lè kọjá láìmọ̀ pé òun kọjá.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí n wo géèmù kan, kí n sọ bóyá ó dára, ohun mẹ́ta ni mo máa kọ́kọ́ béèrè kí n tó wo àwòrán rẹ̀. Ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí mo lè pàdánù? Ṣé wọ́n sọ fún mi kí n tó kọjá? Ṣé ẹni tó wà ní Ugbè lè kọjá bí ẹni tó wà ní Cambridge? Géèmù tó bá yege nínú ìkíní nìkan, Felucca ni. Èyí tó bá yege nínú ìkíní àti ìkejì, géèmù gidi ni, àmọ́ kì í ṣe tiwa. Mi ò tíì rí èyí tó yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán. Bóyá ọ̀kan nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí ló máa kọ ọ́.

RuneScape yẹn ṣì wà láyé o. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, Jagex mú ẹ̀dà kan tí wọ́n ti tọ́jú láti oṣù Kẹjọ ọdún 2007, wọ́n sì jí i padà pẹ̀lú orúkọ Old School RuneScape. Oṣù mẹ́rin péré ni ẹ̀dà yẹn fi ṣáájú ìgbà tí wọ́n pa Wilderness, nítorí náà, Wilderness wà nínú ẹ̀. Wọ́n tún ní àwọn ò ní fi nǹkan ńlá kún un láìdìbò, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó fọwọ́ sí i. Láti ọdún 2018 ló ti wà lórí fóònù.

Kérésì tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù ẹ̀ wá bá mi lórí àga níta. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Mo rí yàrà náà kí n tó rí nǹkan mìíràn.

“Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí n kọjá?”

Mo wo òkè fóònù ẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ku ìlà kan. Bátìrì ku díẹ̀. Mo sọ ìyẹn fún un, nítorí kò sí ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bi í ní ìbéèrè tí ọmọ Ọ̀kà yẹn bi mí.

“Mo ti kà á,” ó ní.

Mo ní kó máa lọ.